Ohùn Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbésí Ayé Gilberto Gil

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ọ́fíìsì mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dúró láìsọ̀rọ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni ó ń kọ́, ó sì ti dé ọdún kẹta. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka tiwa, ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀, nítorí pé ó máa ń yọ́ wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ewì alohùn. Mo ní kí ó jókòó, kí ó sọ ohun tí ó gbé e wá.

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Orin ni ó wù mí. Mo ń ta jìtá, mo sì ń kọ orin. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń san owó fún mi kí n bá wọn ṣe orin ìpolówó ọjà fún rẹ́díò. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní bí mo bá fi ìṣègùn sílẹ̀, kí n má padà wá sílé mọ́. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí n ṣe, sà?"

Mo dá a lóhùn bí àgbà. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ rẹ." Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i ní kíláàsì mi mọ́.

Èsì tí mo fún un kò jẹ́ kí n sinmi. Kì í ṣe pé òwe náà purọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo dúró níwájú pátákó, tí mo ń ṣàlàyé fún kíláàsì pé ọfọ̀ tí oníṣègùn ń pè, ìpolówó tí ìyá ẹlẹ́kọ ń ké kiri àdúgbò, àti oríkì tí a fi ń ki ọba lórí ìtẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohùn ènìyàn ni ó bí wọn. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, mo rán ọmọ náà lọ bí ẹni pé ìṣègùn, ìpolówó ọjà àti orin kò mọ ara wọn rí.

Ẹni tí ó yẹ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún un ní ọjọ́ náà ni Gilberto Gil, ọmọ ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó mú orin rọ́ọ̀kì àti jìtá oníná wọ inú orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ó ti kọ orin ìpolówó ọjà jẹun rí. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, ó sì ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀. Gil kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ilé dókítà ni wọ́n bí i sí, a ó sì rí i pé ìṣègùn kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi dé ipò mínísítà. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kí á lè mọ̀ bóyá eku mẹ́ta ni ọkùnrin yìí lé, tàbí ẹyọ kan ṣoṣo.

Wọ́n bí Gil ní Salvador, olú ìlú Bahia, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1942. Bàbá rẹ̀, José Gil Moreira, jẹ́ dókítà. Ìyá rẹ̀, Claudina, jẹ́ olùkọ́. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ituaçu, ní àárín ìpínlẹ̀ náà, ni bàbá ti ń tọ́jú aláìsàn, ibẹ̀ ni ọmọ sì ti gbọ́n. Ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọdún 1888 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ dókítà ìlú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí àwọn òbí wa ṣe ń ronú yóò mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń retí lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ ọmọ yìí lára ni ìlù àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọjá lójú pópó, ohùn rẹ́díò, àti akọ́díọ̀nù Luiz Gonzaga. Irú akọ́díọ̀nù tí I. K. Dáíró mú wọ inú orin jùjú wa náà ni. Òun ni Gil kọ́kọ́ kọ́. Ìgbà tí ó gbọ́ João Gilberto ni ó tó gbé jìtá.

Kò kẹ̀yìn sí ìwé. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, ó sì gboyè ní ọdún 1964. Ó ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Salvador. Ní àárín gbogbo èyí, ó ń kọ orin ìpolówó ọjà fún ilé iṣẹ́ kan tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní ìlú náà. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń sáré kọjá ibí yìí, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jí ní kùtùkùtù ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ayé àtijọ́ mọ̀ pé ìpolówó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ìyá tí ń kiri kì í kàn pe orúkọ ọjà rẹ̀ lásán. Bí ó ṣe gbóná, bí ó ṣe dán, bí yóò ṣe dùn lẹ́nu ọmọ tí ń sunkún ni ó ń fi ohùn dídùn kà sílẹ̀, kí ó tó yà sí ojúlé kejì. Ó gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí yóò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ mú etí ẹni tí kò fẹ́ dúró. Ọgbọ́n yẹn hàn nínú orin Gil títí di òní.

Ní ọdún 1965, ó kó lọ sí São Paulo, ó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Gessy Lever, ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ tí ó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú Lever Brothers tiwa ní Àpápá. Ó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sán, ó ń lọ kọrin ní alẹ́. Ó ti níyàwó, ó sì ti di bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1966, tí akọrin obìnrin olókìkí nì, Elis Regina, ti ń kọ orin rẹ̀, ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni orin ti di iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọdún 1967, nítorí pé ọdún náà fi irú ènìyàn tí Gil jẹ́ hàn. Ní oṣù keje, àwọn akọrin kan kó ara wọn jọ ní São Paulo, wọ́n ṣe ìwọ́de láti tako jìtá oníná. Wọ́n ní ohun òyìnbó ni, pé yóò ba orin Bùràsíìlì jẹ́. Gil bá wọn rìn. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tán lẹ́yìn èyí tí ó fi gun orí ìtàgé nínú ìdíje orin ńlá ti ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Record, ó sì kọ orin "Domingo no Parque" pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ onírọ́ọ̀kì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Os Mutantes. Jìtá oníná wà níbẹ̀, gòjé àti fèrè àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, berimbau, ohun èlò olókùn kan tí àwọn ọmọ Áfíríkà fi ń jo capoeira, sì wà níbẹ̀. Ipò kejì ni ó gbà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Caetano Veloso pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àwo *Tropicália* jáde, orúkọ náà sì di orúkọ ìṣípòpadà kan.

Àwọn kan pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Lójú tèmi, ó ti rìn nínú ìwọ́de kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun ń bẹ̀rù kò tó ẹ̀rù. Bí Dáíró ṣe gba akọ́díọ̀nù lọ́wọ́ òyìnbó tí ó sì fi í sọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni Gil ṣe gba jìtá oníná. Ohun èlò kì í ba èdè jẹ́ bí ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ bá mọ ohun tí ó fẹ́ sọ.

Yorùbá ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ìjọba ológun kò mọ èèwọ̀ yẹn. Láti ọdún 1964 ni àwọn ológun ti gba ìjọba ní Bùràsíìlì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1968, wọ́n gbé òfin líle kan jáde tí ó pa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n mú Gil àti Caetano ní São Paulo, wọ́n gbé wọn lọ sí Rio. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi wà ní àtìmọ́lé, láìsí ẹ̀sùn tí ó ní láárí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sé wọn mọ́ Salvador, wọ́n sì lé wọn jáde ní ilẹ̀ wọn ní oṣù keje ọdún 1969. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n lọ. Ọdún 1972 ni Gil tó padà sílé.

Nígbà tí ó dé, ó bá ẹgbẹ́ kan tí ó ń kú lọ. Ẹgbẹ́ náà ni Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ ní àkókò ọdún Kànífà, ìlù àti orin òrìṣà ni wọ́n sì fi ń jó. Afoxé ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bahia. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà: àfọ̀ṣẹ, ohun tí a fọ̀ tí ó sì ṣẹ. Gil wọ ẹgbẹ́ náà, ó kọ orin fún wọn, ó ń bá wọn jó lójú pópó, ẹgbẹ́ náà sì tún gbèrú. Ìpolówó kan nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀ fún un.

Ní oṣù keje ọdún 1976, ọlọ́pàá mú un ní ìlú Florianópolis nítorí igbó mímu. Adájọ́ kò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n mú un lọ. Báyìí ni ọmọ dókítà ṣe rí ìṣègùn láti ìdí kejì, níbi tí ìjọba ti ń fi oògùn ṣe pàṣán.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wà lára àwọn tí Bùràsíìlì rán wá sí FESTAC ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn ilé tí ìjọba wa kọ́ fún àwọn àlejò ní abúlé FESTAC rán an létí àwọn ilé tí ìjọba Rio kọ́ fún àwọn tálákà tí wọ́n lé kúrò ní àdúgbò wọn. Láti inú èrò yẹn ni àwo orin *Refavela* ti jáde ní ọdún náà. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Babá Alapalá", níbi tí ó ti dárúkọ Ṣàngó àti Aganjú. Ọmọ ilé ìwé kan tí mo gbé e fún rí gbọ́ orúkọ Ṣàngó láàárín èdè Potogí, ó sì bi mí pé, "Sà, ará ibo ni ẹni yìí?" Ìbéèrè náà dára.

Ní Èkó yìí kan náà ni Gil ti pàdé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ó kọ̀ láti bá FESTAC ṣe. Nígbà tí wọ́n tún ìwé tí Carlos Moore kọ lórí ìgbésí ayé Fẹlá tẹ̀ ní ọdún 2009, Gil ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn tí FESTAC parí ni àwọn ṣọ́jà sun ilé Fẹlá ní Kàlàkútà.

Mo máa ń fi àwọn méjèèjì wéra. Ní ọdún 1958, Lọ́ńdọ̀nù ni ìdílé Ransome-Kútì rán Fẹlá lọ láti kọ́ ìṣègùn; ilé ẹ̀kọ́ orin ni ó gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kò ni wọ́n di dókítà. Olíkóyè ṣe mínísítà ètò ìlera lábẹ́ ìjọba ológun láti ọdún 1985 sí 1992. Bẹ́kò ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Fẹlá ń fi orin na ìjọba kan náà. Fẹlá dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ kí ó lè du ipò ààrẹ ní ọdún 1979, wọn kò gbà á wọlé. Nínú ilé yìí, àwọn ọmọ ìyá pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ní ti Gil, ẹnì kan ṣoṣo ni ó rù wọ́n.

Ní ọdún 1987, lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá ti padà, Gil gba ipò olórí àjọ tí ń bójú tó àṣà ní ìlú Salvador. Lákòókò rẹ̀ ni wọ́n ṣí Casa do Benin ní Pelourinho ní ọdún 1988, ilé tí ó so Bahia pọ̀ mọ́ etíkun tí a ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ. Pierre Verger, ẹni tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Fátúmbí, ni ó kó ọ̀pọ̀ ohun ọnà jọ síbẹ̀. Ní ọdún kan náà, Gil fẹ́ du ipò olórí ìlú, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fà á kalẹ̀. Ó du ipò aṣòfin ìlú, ó sì ní ìbò 11,111, iye tí kò sí olùdíje kankan tí ó ní tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi, òkun àti àyíká ni ó gbájú mọ́ níbẹ̀ títí di ọdún 1992.

Ní oṣù kìíní ọdún 2003, Ààrẹ Lula fi í ṣe mínísítà ètò àṣà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí iṣẹ́ òun dà bí títẹ àwọn ojú ibi kan lára ènìyàn kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dáadáa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Japan ti máa ń ṣe. Ara tí ó fẹ́ tẹ̀ ni àṣà ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, mo ní, "Ọmọ dókítà Ituaçu náà nìyí." Kì í ṣe àfiwé lásán. Láti ọdún 2004, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹgbẹ́ onílù, oníjó àti eléré tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ní àwọn àdúgbò àti abúlé ní owó àti ẹ̀rọ tí wọn yóò fi gba iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀. Ìjọba kò kọ́ ilé àṣà tuntun fún wọn. Ibi tí ẹ̀mí ti wà ni ó tẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ó kọrin ní gbọ̀ngán Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ní ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà tí bọ́ǹbù pa ní Baghdad. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà àjọ náà, jókòó ti ìlù, ó sì lù ú fún un.

N kò ní fi orin ìyìn nìkan parí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá wọ ààfin yóò san nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba kan náà tí ó fi í sí àtìmọ́lé rí kọ́ ni ó bá ṣiṣẹ́, nítorí pé ìyípadà ti dé. Síbẹ̀, mínísítà kò lè fi orin bú ìjọba tí ó wà nínú rẹ̀ bí Fẹlá ti ṣe. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Àwọn kan bínú pé ó ń kọrin gba owó ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ mínísítà. Ní ọdún 2007, àìlera ọ̀nà ọ̀fun wà lára ohun tí ó mú un sọ pé òun fẹ́ lọ. Ó kúrò ní oṣù keje ọdún 2008, ó ní orin ni òun ń padà sí. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ ìyá nínú àwọn iṣẹ́ náà. Nígbà tí ohùn fẹ́ lọ, ipò ni ó fi sílẹ̀. Kò fi ohùn sílẹ̀ nítorí ipò. Ní ọdún 2021, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà òǹkọ̀wé Bùràsíìlì dìbò yàn án, ní ọdún 2025 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò orin ìdágbére.

Nítorí náà, òwe tí mo pa fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti lò ó ni kò bá a mu. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dúró lókèèrè lè rí ọdẹ kan náà lẹ́nu ihò mẹ́ta, kí ó ní eku mẹ́ta ni ó ń lé. Gil lé ẹyọ kan: ọ̀rọ̀ tí a fọ̀ tí ó sì ṣẹ lára ènìyàn. Ó lé e níbi ìpolówó, ó lé e níbi orin, ó lé e nínú ìgbìmọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní iṣẹ́ mẹ́ta ni ó rí bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ ló wà tí ó lé mẹ́ta lóòótọ́, tí wọ́n sì pòfo. Ìbéèrè kan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn: kí ni ohun tí o fẹ́ kí ohùn rẹ ṣe fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ?

Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí n bi ọmọ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti di dókítà nísinsìnyí, kí àwọn aláìsàn sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi yóò dùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, kì í ṣe ìmọ̀ràn tí mo fún un ni ó ń dùn mí jù. Ó gbé jìtá rẹ̀ kọ́ èjìká wọlé, ó gbé e kọ́ èjìká jáde, n kò sì ní kí ó kọ orin kan fún mi gbọ́.